FPL ti wọ kòmẹsẹ̀-ó-yọ: ṣé Salah náà ni kí n fi ṣe balógun?

AráKubwa | Ọjọ́bọ̀, 8 oṣù Karùn-ún 2025, 10:52 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará. Líìgì ẹnìkan-sí-ẹnìkan tiwa nínú FPL (Fantasy Premier League, eré orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí èèyàn ti ń kó àwọn agbábọ́ọ̀lù gidi jọ kí wọ́n lè gba póìntì fún un), àwa Yorùbá Àbújá àti agbègbè rẹ̀, ti wọ kòmẹsẹ̀-ó-yọ. Àwa mẹ́jọ la kù. Ọ̀sẹ̀ 36 ni ti àwa mẹ́jọ, 37 ni ti àwọn mẹ́rin, 38 ni àṣekágbá. Ipò kẹjọ ni mo fi rá pálá wọlé, ẹni tó ṣe ipò kìíní ni wọ́n sì so mí mọ́. Ikọ̀ ọ̀gá yẹn ń dẹ́rù bani: Salah, Isak, Palmer, Marmoush, gbogbo wọn ló wà níbẹ̀, Salah ló sì ń fi ṣe balógun, ẹni tí póìntì rẹ̀ ń di ìlọ́po méjì, ní ọ̀sẹ̀ tó wá ní ọ̀sẹ̀ tó lọ. Èmi náà ní Salah àti Isak. Mo ní Bruno Fernandes, mo ní Saka. Ìpààrọ̀ ọ̀fẹ́ méjì wà lọ́wọ́ mi, mi ò ní chip kankan mọ́, àwọn àfikún agbára tí eré náà ń fúnni.

Ṣé kí n fi Salah ṣe balógun kí àwa méjèèjì dọ́gba níbẹ̀, àbí kí n wá ẹlòmíràn? Sátidé, aago kan ààbọ̀ ọ̀sán ni wọ́n máa tilẹ̀kùn, a ò ní lè yí ikọ̀ padà mọ́.

Máí_Salah | 11:03 alẹ́

Ìbéèrè wo nìyẹn? Ọkùnrin tó ti gbá góòlù 28 ní líìgì yìí. Póìntì 303 tí òun fúnra rẹ̀ ní ní 2017/18 ni kò sẹ́ni tó tíì ní irú ẹ̀ rí nínú FPL, ó ti kọjá a tipẹ́ lọ́dún yìí. Anfield, pápá Liverpool tirẹ̀, ló ti máa gbá bọ́ọ̀lù, Arsenal ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní Champions League lánàá, ọkàn wọn ti rẹ̀. Fi Salah ṣe balógun, lọ sùn.

ÀǹtíLugbe | 11:20 alẹ́

Máí_Salah, ẹ rọra. Ẹnikẹ́ni ò sọ pé Salah ò dára.

Àbúrò, gbọ́. Nínú líìgì gbogbogbòò, láti oṣù Kẹjọ lo ti ń kó póìntì jọ, ẹgbàágbèje èèyàn lò ń bá díje. Èyí tó wà níwájú ẹ yìí, èèyàn kan péré ni. Póìntì 41 lè gbé ọ wọlé, 80 sì lè lé ọ lọ sílé. Nítorí náà kọ orúkọ ikọ̀ méjèèjì sórí ìwé, kí o fa igi sórí gbogbo ẹni tí ẹ jọ ní. Àwọn yẹn ti kúrò nínú ìjà, bí wọ́n gbá mẹ́ta, ẹ jọ gbà á ni. Àwọn tó kù ni kí o máa ronú lé lórí.

Tẹ orúkọ ikọ̀ ẹ̀ kí o tún wo chip tó ti lò. Ikọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá nìkan ni wọ́n máa fi hàn ọ́ kí wọ́n tó tilẹ̀kùn, àmọ́ chip tó bá ti lò kò lè fi pamọ́.

AráKubwa | 11:41 alẹ́

Ẹ ṣé gan-an, Àǹtí. Mo ti fà á. Èèyàn mẹ́fà la jọ ní. Ó ṣì ní Bench Boost lọ́wọ́ o! Èèyàn 15 ló máa kó póìntì fún un, èmi 11.

ÀǹtíLugbe | 11:44 alẹ́

Ìyẹn gan-an ni ìdí tí o ò fi lè ṣe bíi tiẹ̀. Ẹni tó lágbára jù ọ́ lọ ló ń wá kí nǹkan dọ́gba. Tí balógun yín bá jẹ́ ẹnì kan náà, àwọn mẹ́rin orí bẹ́ńṣì ẹ̀ ló máa pa ọ́.

Ṣùgbọ́n má ta Salah o. Ká ní Salah gba 15. Tí o bá ti tà á, 30 ló fi jù ọ́. Tí o bá ní in, tí kò kàn ṣe balógun ẹ, 15 ni. Ọ̀ràn 15 ṣì ṣeé wò sàn.

Ọmọ_Jos | Ọjọ́ Ẹtì, 6:30 àárọ̀

Kí lẹ ń dààmú sí? Manchester City ń lọ bá Southampton! Àwọn tí wọ́n ti lé lọ sí ìsàlẹ̀ láti oṣù tó kọjá. Póìntì 11 ni wọ́n ní, iye tí Derby fi ṣe èyí tó burú jù lọ nínú ìtàn Premier League ní 2007/08. Ẹni tó bá ń wá góòlù, ibẹ̀ ni kó lọ. Gba ẹnikẹ́ni tó bá ń gbá iwájú ní City, fi ṣe balógun, ó parí.

BàbáKaduna | 7:15 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ka gbogbo ọ̀rọ̀ yín.

Láti oṣù Kẹrin lọ, èmi kì í wo ẹni tó dára mọ́. Ẹni tó ṣì ń wá nǹkan ni mo máa ń wò. Liverpool ti gba ife láti ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin, ọjọ́ tí wọ́n na Tottenham 5–1, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́rin ló sì kù nígbà náà. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Chelsea nà wọ́n 3–1. Kí ni Salah gbá? Òfo. Kì í ṣe pé ẹsẹ̀ ẹ̀ ti kú. Ẹni tó ti jẹun yó kì í sáré lọ sí ìdí ìkòkò.

Ẹ wá wo alẹ́ àná. Manchester United na Athletic Bilbao, Tottenham na Bodø/Glimt, àwọn méjèèjì ló máa pàdé ní àṣekágbá Europa League ní Bilbao, ọjọ́ 21 oṣù yìí. Ìsàlẹ̀ tábìlì ni àwọn méjèèjì wà, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò lè lé wọn lọ mọ́, nítorí Southampton, Leicester àti Ipswich ti lọ. Kò sí ohun tí líìgì lè fún wọn, kò sí ohun tó lè gbà lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó bá gba ife ní Bilbao ló máa wọ Champions League. Tí ẹ bá jẹ́ kóòṣì wọn, ṣé ẹ máa fi ẹsẹ̀ tó dára jù ṣòfò ní Sunday?

Ta ló ń bá wọn gbá ní Sunday ọ̀hún? West Ham ń lọ bá United, Crystal Palace ń lọ bá Tottenham. Bowen ti West Ham, Eze ti Palace. Ta Bruno ti United.

Máí_Salah | 7:32 àárọ̀

Bàbá, ẹ kú àárọ̀ sà. Palace náà ní àṣekágbá FA Cup pẹ̀lú City. Àwọn náà máa fi Eze sinmi nígbà yẹn ńkọ́?

BàbáKaduna | 7:40 àárọ̀

Ọjọ́ 17 nìyẹn. Ọjọ́ mẹ́fà wà láàárín. Agbábọ́ọ̀lù tí kò bá gbá bọ́ọ̀lù fún ọjọ́ mẹ́wàá kí ó tó dé Wembley, ara ẹ̀ á ti tutù. Ó máa gbá.

Alága_Líìgì | 9:05 àárọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ òfin díẹ̀ nítorí inbox mi ti kún. Tó bá jẹ́ ọ̀mì, bí ife FPL ṣe ń ṣe é la máa ṣe é: ẹni tí àwọn èèyàn rẹ̀ gbá góòlù jù ló wọlé, tí ìyẹn bá tún dọ́gba, ẹni tí wọ́n gbá góòlù wọlé rẹ̀ kéré jù. Ẹni tó bá ṣe ìpààrọ̀ kọjá ti ọ̀fẹ́, póìntì 4 tí wọ́n ń yọ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà nínú ìṣirò. Má fi 4 ra ẹni tó máa gba 2 o. Ẹni tó ṣì ní Assistant Manager lọ́wọ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni chip yẹn ń lò, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà ló kù.

Nípa àkókò: láti ìparí oṣù Kẹta, aago àwọn òyìnbó àti tiwa ti di ọ̀kan. Èèyàn méjì ti bọ́ nínú líìgì yìí lóṣù tó kọjá torí wọ́n rò pé wákàtí kan ṣì wà, bíi ti ìgbà ọyẹ́. Aago kan ààbọ̀ tí ẹ rí níbẹ̀, aago kan ààbọ̀ tiwa ni.

AráKubwa | Sátidé, 12:48 ọ̀sán

Òde ìyàwó ni mo wà ní Gwarinpa, abẹ́ tábìlì ni mo ti ń tẹ̀ ẹ́. Bruno ti lọ, Bowen ti wọlé. Mo fẹ́ gba Eze náà, owó ò tó. Ẹni tí mo fẹ́ tà ti lé ní 0.2 láti ìgbà tí mo ti rà á, 0.1 péré ni wọ́n fún mi nínú èrè yẹn! Mo ní láti ta Saka.

ÀǹtíLugbe | 12:55 ọ̀sán

Ìdajì èrè ni wọ́n ń fúnni, bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Saka ń lọ sí Anfield, ó ṣeé tà. Jẹun níbẹ̀ yẹn o.

AráKubwa | 1:26 ọ̀sán

Eze balógun. Salah igbákejì. Ó ti parí. Mo gbà fún Ọlọ́run.

Máí_Salah | 1:31 ọ̀sán

Ọlọ́run ló máa gbà ọ́ o. Eze! Níwájú Salah!

Ọmọ_Jos | 5:02 ìrọ̀lẹ́

Ẹnikẹ́ni má bi mí ní nǹkan kan.

AráKubwa | 5:04 ìrọ̀lẹ́

Southampton 0, City 0! Marmoush tí ọ̀gá tí mò ń kojú ní ló wọ inú òfìfo yẹn! Ọmọ_Jos, Ọlọ́run máa bù kún ẹ tí mi ò gbọ́ tìrẹ.

BàbáKaduna | 5:20 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀yin ẹ má fi Ọmọ_Jos ṣe yẹ̀yẹ́, ọ̀rọ̀ ẹ̀ bọ́gbọ́n mu. Ṣùgbọ́n ẹ rí i pé Southampton náà ń wá nǹkan. Póìntì kan yẹn sọ wọ́n di 12, orúkọ Derby ló ṣì wà nínú ìwé burúkú yẹn, tiwọn kọ́. Ẹ̀rù ìtìjú ń mú èèyàn sá eré.

AráKubwa | Ọjọ́ Àìkú, 11 oṣù Karùn-ún, 7:10 alẹ́

MO TI WỌLÉ! Eze gbá méjì sínú Tottenham, Bowen gbá ọ̀kan sínú United. Liverpool 2, Arsenal 2, Salah ò gbá ìkankan nínú ẹ̀. Newcastle na Chelsea 2–0, Palmer ọ̀gá dákẹ́ bí ìgbà tí wọ́n pa iná. Pẹ̀lú Bench Boost ẹ̀ náà o! Bàbá Kaduna, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Máí_Salah | 7:18 alẹ́

Mo kí ẹ. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ Salah máa fèsì.

ÀǹtíLugbe | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 13 oṣù Karùn-ún, 8:40 alẹ́

Ẹ jẹ́ ká fi póìntì sílẹ̀ díẹ̀. Ẹ ti gbọ́ ti Taiwo Awoniyi, agbábọ́ọ̀lù Nottingham Forest? Ìgbà tí Forest àti Leicester ń gbá 2–2 ní Sunday, ó sáré lé bọ́ọ̀lù, ó fi ikùn gbá òpó góòlù. Alátìlẹyìn rẹfirí kò tètè gbé àsíá sókè, bẹ́ẹ̀ ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù wá ti wà ní ọ̀fúsáìdì. Wọ́n tún jẹ́ kó padà sórí pápá torí Forest ti lo ìpààrọ̀ wọn tán. Lónìí wọ́n ní iṣẹ́ abẹ ni, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ fi oògùn mú un sùn kí ara ẹ̀ lè rí ìsinmi. Ọmọ Ìlọrin ni. Ẹ bá wa gbàdúrà.

BàbáKaduna | 8:52 alẹ́

Kí Ọlọ́run dáwọ́ àánú lé e. Èmi gan-an rí i lórí tẹlifíṣọ̀n, a rò pé ó kàn gbọgbẹ́ ni. Wọn ò bá tiẹ̀ ti gbé àsíá yẹn sókè kíákíá.

Ọmọ_Jos | 9:00 alẹ́

Àmín o. Ará Ìlọrin ni ìyá mi. Gbogbo ilé ló ń pe ara wọn láti ọ̀sán.

Máí_Salah | 9:11 alẹ́

Àmín, Àmín. Kí Ọlọ́run fún àwọn òbí ẹ̀ ní sùúrù.

AráKubwa | Ọjọ́bọ̀, 15 oṣù Karùn-ún, 1:15 ọ̀sán

Ẹ káàsán. Ẹni tí mo fẹ́ kojú báyìí, ará Zuba ni, Isak ló máa ń fi ṣe balógun. Ìpààrọ̀ ọ̀fẹ́ kan ni mo ní. Kí ni kí n ṣe?

BàbáKaduna | 1:50 ọ̀sán

Àkọ́kọ́, ọ̀la Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa tilẹ̀kùn, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Wọ́n gbé Aston Villa sí Tottenham àti Chelsea sí United wá sí alẹ́ ọ̀la nítorí àṣekágbá Bilbao. Ìwọ tó máa ń ti Wuse bọ̀ sí Kubwa, o mọ ohun tí ojú ń rí ní Berger ní aago mẹ́fà ọjọ́ Ẹtì. Má dúró de ojú ọ̀nà.

Ìkejì, orí ọ̀rọ̀ kan náà la wà. Villa àti Chelsea ń wá ipò márùn-ún àkọ́kọ́ torí Champions League. Àwọn tó ń bá wọn gbá ń ronú nípa Wednesday. Ẹ̀yìn Villa tàbí ẹ̀yìn Chelsea ni kí o rà. Agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn tí wọn ò bá gbá góòlù wọ ilé rẹ̀, póìntì 4 nìyẹn láìṣe wàhálà, tó bá wá fi orí kan bọ́ọ̀lù wọlé, 6 míì. Èmi fẹ́ràn Cucurella ti Chelsea, ó máa ń yọ sí iwájú góòlù bí atamátàsé.

ÀǹtíLugbe | 2:05 ọ̀sán

Tún bẹ́ńṣì ẹ tò. Lásìkò yìí gbogbo kóòṣì ló ń fi èèyàn sinmi, àwọn tó farapa díẹ̀ ni wọn kì í fi wéwu. Ẹni àkọ́kọ́ lórí bẹ́ńṣì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó dájú pé ó máa gbá. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi ẹni olówó pọ́ọ́kú síbẹ̀ láti oṣù Kẹjọ, wọn ò tún wẹ̀yìn wò. Kí o sì rántí pé tó bá jẹ́ mẹ́ta péré lo fi sẹ́yìn, tí ọ̀kan ò gbá, ẹni ẹ̀yìn nìkan ló lè rọ́pò ẹ̀, àní bí ẹni àárín bá wà níwájú ẹ̀ lórí bẹ́ńṣì.

AráKubwa | Ọjọ́ Ẹtì, 3:20 ọ̀sán

Ọ́fíìsì ni mo ti ṣe é, mi ò dúró de Berger. Cucurella ti wọlé. Eze balógun lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ọmọ_Jos | 10:15 alẹ́

CUCURELLA! Orí ló fi kàn án! Chelsea 1, United 0. Villa 2, Tottenham 0, Konsa tó jẹ́ ẹ̀yìn náà gbá. Bàbá Kaduna, ṣé ẹ ò ní jáwọ́ nínú iṣẹ́ yín kẹ́ ẹ di kóòṣì?

BàbáKaduna | 10:31 alẹ́

Mo ti fẹ̀yìn tì. Ẹ jẹ́ n sinmi.

AráKubwa | Ọjọ́ Àìkú, 18 oṣù Karùn-ún, 6:40 ìrọ̀lẹ́

Isak ò gbá! Arsenal 1, Newcastle 0, wọ́n ní abẹ́nú ló ń dùn ún. Balógun ará Zuba ò sí níbẹ̀! Èmi náà ní Isak, ṣùgbọ́n Bowen ni mo fi sí orí bẹ́ńṣì àkọ́kọ́, ó sì gbá ọ̀kan sínú Forest lónìí.

Máí_Salah | 6:44 ìrọ̀lẹ́

Bowen lórí bẹ́ńṣì?! Ìwọ lówó o.

Ta ni igbákejì ará Zuba?

AráKubwa | 6:46 ìrọ̀lẹ́

Salah…

Máí_Salah | 6:46 ìrọ̀lẹ́

Ha! Ọjọ́ Ajé ni Liverpool ń gbá ní Brighton. Igbákejì ló máa gba ìlọ́po méjì yẹn. Mo sọ fún yín.

AráKubwa | Ọjọ́ Ajé, 10:20 alẹ́

Brighton 3, Liverpool 2. Salah ò gbá góòlù. Máí_Salah, ẹ ń kọ́?

Máí_Salah | 10:58 alẹ́

Iná lọ lọ́dọ̀ wa.

AráKubwa | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20 oṣù Karùn-ún, 10:35 alẹ́

Palace 4, Wolves 2, Eze tún gbá! Wọ́n gba FA Cup lọ́wọ́ City ní Sátidé, òun náà ló gbá góòlù kan ṣoṣo yẹn, ẹsẹ̀ ẹ̀ ò sì tíì rẹ̀. Tí wọ́n bá ti ti ọ̀sẹ̀ yìí pa, tí Bowen wọlé dípò Isak, mo ti bọ́ sí àṣekágbá. Ta ló wọlé lápá kejì?

Alága_Líìgì | Ọjọ́rú, 9:00 àárọ̀

Bowen ti wọlé dípò Isak, ẹ lè sinmi. Àṣekágbá, ọ̀sẹ̀ 38: AráKubwa àti ÀǹtíLugbe.

Ọmọ_Jos | 9:02 àárọ̀

Kí ni?! Àǹtí wà nínú líìgì yẹn?

ÀǹtíLugbe | 9:10 àárọ̀

Ta ló bi mí?

AráKubwa | 9:14 àárọ̀

Àǹtí! Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi láti fa igi sórí orúkọ! Gbogbo àṣírí mi ló wà níbí láti ọ̀sẹ̀ méjì!

BàbáKaduna | Ọjọ́bọ̀, 22 oṣù Karùn-ún, 7:30 àárọ̀

Ọmọ mi ni ẹ̀yin méjèèjì, mi ò ní gbè sẹ́yìn ẹnì kankan. Ohun tí gbogbo ayé mọ̀ nìkan ni mo máa sọ. Tottenham ti gba ife wọn lánàá, 1–0, nítorí náà ó máa rẹ̀ wọ́n ní Sunday, Brighton ló sì ń bọ̀ wá bá wọn. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló máa bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, aago méjì ààbọ̀ ni wọ́n máa tilẹ̀kùn, wọn ò sì tíì ní kéde àwọn tó máa gbá nígbà yẹn. Ẹni tí ṣọ́ọ̀ṣì ẹ̀ bá máa ń pẹ́, kó tètè tò ó kó tó wọlé.

AráKubwa | 7:41 àárọ̀

Bàbá, mo fẹ́ bi yín ní ìbéèrè kan nípa balógun… rárá o. Mo ń bọ̀ ní inbox.

ÀǹtíLugbe | 7:43 àárọ̀

Béèrè é níbí, kò sí wàhálà. Èmi ò fi tèmi pamọ́. Cunha ni mo máa fi ṣe balógun.

AráKubwa | 7:50 àárọ̀

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo ikọ̀ yín, Àǹtí. Cunha ò sí níbẹ̀.

ÀǹtíLugbe | 7:51 àárọ̀

Ìpààrọ̀ ọ̀fẹ́ mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ mi.